Ṣé ọ̀gá lè dín owó iṣẹ́ òru kù ní Ìlú Ọba láì bá òṣìṣẹ́ sọ ọ́?

Rárá, bí owó náà bá ti wà nínú àdéhùn iṣẹ́, ọ̀gá kò lè dá gé e láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ gbà. Òfin Employment Rights Act ti ọdún 1996 kò fàyè gba kí wọ́n yọ nínú owó ọ̀yà láìsí àṣẹ òfin, àdéhùn tàbí ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí.

Ìdákẹ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Ẹni tó rí i lórí payslip pé £2 ti dín lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ láìfọhùn, wọ́n lè sọ pé ó ti gbà. Kó tètè kọ ímeèlì pé òun ń ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ òun kò fara mọ́ ọn. Bí wọn kò bá dá owó padà, Acas, àjọ tó ń bá ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ yanjú aáwọ̀, ni yóò kọ́kọ́ kàn sí kó tó gba ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Àsìkò tí òfin fún un kò gùn rárá.

Àwọn àdéhùn kan wà ṣá tó fún ọ̀gá láyè láti yí owó padà. Ìyẹn lè mú kí ẹjọ́ náà le. Kò sì sí òfin tó ní kí owó òru ju ti ọ̀sán lọ.