Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Fọ́tò àtijọ́ àwọn olórin mandolíìnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Chicago ni mo ń gbé, mo sì máa ń ra fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, pàápàá èyí tí olórin bá wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀kan, ọkùnrin méje tó gbé mandolíìnì lọ́wọ́, ìyẹn ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá kékeré, ẹni tó tà á fún mi sì sọ pé 1890 ni wọ́n yà á. Póósítíkáàdì ni ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n tẹ AZO síbi tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́. Ṣé kí n gbà á gbọ́? *(Ọmọ Ọ̀wọ̀, Chicago)*

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á gbọ́ o. AZO yẹn gan-an ló tú àṣírí ẹ̀. Orúkọ pépà tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ni, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti di póósítíkáàdì látilẹ̀, pépà yẹn ò sì sí lọ́jà ní 1890. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí kékeré tí wọ́n yà fún sítáǹpù, ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta kéékèèké níbẹ̀. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kọjú sókè, àárín 1904 sí 1918 ni, tí méjì bá kọjú sókè tí méjì kọjú sílẹ̀, ẹ ti dé 1918 sí 1930 nìyẹn. Ẹ tún wò ó bóyá ìlà pín ẹ̀yìn káàdì náà sí méjì, torí oṣù Máàṣì 1907 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà káwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ wọn, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Mandolíìnì táwọn ará Ítálì gbé wọ Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ẹ̀ rí roboto bí igbá, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ tó fi yọ bẹ́ẹ̀. Orville Gibson tó wà ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló wá gbẹ́ tiẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ fáólìn, ó gba páténtì lé e lórí ní 1898, wọ́n sì dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀ ní 1902. Nítorí náà tí ẹ bá rí èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò yọ, tó ní kókó kan tó ká lára lápá òkè, ẹ ti mọ̀ pé fọ́tò yẹn ò lè lọ jìnnà sẹ́yìn. Nǹkan tó bá tuntun jù nínú fọ́tò ni kí ẹ fi dá ọdún mọ̀ o, kì í ṣe èyí tó gbó jù, torí èèyàn lè gbé mandolíìnì bàbá ẹ̀ lọ ya fọ́tò.

Ìdí tí irú fọ́tò yìí fi pọ̀ lọ́jà, ní 1880 àwọn ọ̀dọ́ kan láti Spéènì tí wọ́n ń pè ní Estudiantina Figaro wá ṣeré ní New York, bandurria, ohun èlò olókùn ti Spéènì, ni wọ́n ń ta, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rò pé mandolíìnì ni, làwọn ọmọ Ítálì tó wà níbẹ̀ bá yára kó ẹgbẹ́ tiwọn jọ, wọ́n wọṣọ ará Spéènì, wọ́n gbé mandolíìnì dání, bó ṣe gba ìgboro kan nìyẹn, yunifásítì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, obìnrin ń dá tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá sì dúró, wọ́n á ya fọ́tò. Àwọn Gibson wá lo àwọn tíṣà olórin bí ẹni tó ń bá wọn tajà, tíṣà á kó àwọn ọmọ ẹ̀ jọ, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú Gibson wọn, kọ́ńpìnnì á tẹ̀ ẹ́ sínú kátálọ́ọ̀gù. Tó bá jẹ́ pé Gibson ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tó wà nínú fọ́tò yín, látorí mandolíìnì kékeré dé mando-bass, mandolíìnì olóhùn ìsàlẹ̀ tó tóbi bí nǹkan míì, ẹ lọ tú àwọn kátálọ́ọ̀gù yẹn wò, ẹ lè bá orúkọ ẹgbẹ́ náà pàdé níbẹ̀.

Ìbéèrè: Orí irin pẹlẹbẹ ni fọ́tò tèmi wà, kì í ṣe pépà. Ọwọ́ òsì lọkùnrin inú ẹ̀ fi ń ta mandolíìnì. Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni? *(Ìyá Ìbejì, London)*

Ìdáhùn: Kò dájú rárá, mà. Tintype nìyẹn, kò ní nẹ́gátíìfù, inú kámẹ́rà gan-an ni àwòrán ti jókòó sórí irin, torí ẹ̀ ọ̀tún máa ń di òsì níbẹ̀. Ẹ wo bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀: ti ọkùnrin, apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa ń wà. Tó bá ti bọ́ sí apá òsì ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lọkùnrin yẹn fi ń ta nǹkan ẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo fọ́tò mandolíìnì tí mo ń rí, òyìnbó ló kún inú ẹ̀. Ṣé àwọn dúdú Amẹ́ríkà ò ta á ni? *(Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)*

Ìdáhùn: Wọ́n ta á dáadáa! Seth Weeks, tí wọ́n bí ní 1868 ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó ta mandolíìnì dé London àti Paris, ó sì kọ orin fún un fúnra ẹ̀. James Reese Europe náà, tó kó àwọn olórin dúdú New York jọ sínú ẹgbẹ́ Clef Club ní 1910, ọjọ́ kejì oṣù Méè 1912 ló kó wọn wọ Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ńlá ní New York, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún lórí ìtàgé, mandolíìnì, báńjò àti gìtá háàpù ló pọ̀ níbẹ̀. Fọ́tò wọn wà, ẹ wá a wò, ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe to àwọn olókùn síwájú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó jẹ́ tàwọn dúdú, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé «àwọn olórin», kò sórúkọ kankan. Tí irú ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, orúkọ sítúdíò àti ìlú tó wà nísàlẹ̀ káàdì ni kí ẹ dì mú, kí ẹ lọ fi wá ìwé ìròyìn ìlú yẹn. Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti kó ìwé ìròyìn àtijọ́ rẹpẹtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìbéèrè: Fọ́tò bàbá bàbá mi wà nílé, Èkó ni wọ́n ti yà á láyé àtijọ́, ó gbé nǹkan kékeré olókùn kan dání. Àwọn àgbà ní mandolíìnì ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Mo fẹ́ lọ láminéètì ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. *(Àrẹ̀mọ, Sùúrùlérè)*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má láminéètì ẹ̀! Iná tí wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ọn lè ba ojú fọ́tò jẹ́, kò sì ṣeé bó mọ́. Ẹ sikáànù ẹ̀ ní 600 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ wá sún un mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn le lórí ẹ̀. Mẹ́jọ ni ti mandolíìnì, okùn ẹ̀ máa ń lọ ní méjì méjì. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, tí ikùn ẹ̀ sì jẹ́ awọ, yukulélè báńjò nìyẹn, irú èyí tí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, fi bẹ̀rẹ̀ kó tó gbé gìtá oníná ní 1949. Mẹ́fà pẹ̀lú awọ, gìtá báńjò, irú ti Túndé King, olórin jùjú náà, tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún kọ́ńpìnnì Parlophone ní 1936. Tó bá wá jẹ́ mẹ́jọ pẹ̀lú awọ ńkọ́? Báńjò mandolíìnì, àwọn àgbà yín ò sì jìnnà sí òótọ́. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn yòókù tó wà nínú fọ́tò náà báyìí, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ fẹ́rẹ́, ẹ má lo báírò, kí ẹ sì fi fọ́tò náà sínú àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá.