Ọmọ mi tó wà nílé ìwé girama kì í sùn, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí tá a jọ ń tọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 15, ọ̀rọ̀ oorun ẹ̀ ti fẹ́ sọ mí di wèrè. Tí mo bá ní kó lọ sùn laago mẹ́wàá alẹ́, á ní òun ti ń lọ, àmọ́ tí mo bá jí tọ̀ laago kan òru, iná ṣì ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀. Tó bá di àárọ̀, alááàmù ẹ̀ á dún dún dún, èmi tí mo wà ní yàrá kejì ni mo máa ń lọ pa á, bẹ́ẹ̀ aago 6:40 ni bọ́ọ̀sì máa ń dé. Tó bá wá di Sátidé, aago kan ọ̀sán kó tó yọjú. Bàbá ẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Mo gba fóònù ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, ìjà la fi parí ẹ̀, kò kúkú sùn náà. Ẹnì kan ní kí n ra melatonin, oògùn oorun, fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti là á kọjá kó bá mi dá sí i.

Èsì:

Màmá, ẹ kú àìsùn o, torí ẹni tó ń ṣọ́ iná ọmọ laago kan òru, òun náà ò sùn nìyẹn. Mo ti tọ́ méjì kọjá ibẹ̀, ẹ̀kẹta ló kù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ bá mi bẹ bàbá pé kí wọ́n yé pe ọmọ yẹn lọ́lẹ. Bí ọmọ bá ti bàlágà, aago inú ara ẹ̀ máa ń sún síwájú. Melatonin tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, ọpọlọ wa fúnra ẹ̀ ló ń tú u jáde tílẹ̀ bá ṣú, òun ló ń sọ fún ara pé ó tó àsìkò oorun, tọmọ tó ti bàlágà sì lè fi bíi wákàtí méjì pẹ́ ju ìgbà tó wà ní kékeré. Ìyẹn ni pé aago mẹ́wàá tẹ́ ẹ̀ ń lé e lọ sórí ibùsùn, lára tiẹ̀, bí aago mẹ́jọ ni. Á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ máa wo àjà ni. Bẹ́ẹ̀ oorun tó nílò ò dín kù o: àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà ní wákàtí 8 sí 10 lẹni ọdún 13 sí 18 gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ wá ṣírò ẹ̀, ká ní aago kan ló sùn tó sì jí laago mẹ́fà, wákàtí márùn-ún péré. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọjọ́ Jímọ̀, ó ti jẹ gbèsè bíi wákàtí 15, ẹ wá ń bínú pé ó ń san án lọ́jọ́ Sátidé.

Ilé ìwé gan-an lẹ́bi nínú ẹ̀. Látọdún 2014 lẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kí ilé ìwé girama má bẹ̀rẹ̀ kí aago 8:30 tó lù. California ti sọ ọ́ dòfin, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n sún aago ìwọlé láti 7:50 sí 8:45 ní 2016, àwọn olùwádìí so nǹkan bí aago mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń fi ìṣẹ́jú 34 sùn sí i lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti ń bẹ̀rù pé ṣe ni wọ́n á kàn máa pẹ́ sùn sí i. Torí náà ẹ lọ sípàdé àwọn òbí kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ síta, àmọ́ ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Tèmi, òru ọjọ́ kan ló là mí lójú. Àkọ́bí mi ọkùnrin, mo máa ń fi yangàn pé ọmọ mi ń kàwé mọ́jú. Mo wọlé ní nǹkan bí aago méjì, mo bá a tó ti sùn lọ sórí tábìlì, bíró ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti fa ìlà gbọọrọ láti àárín ìwé bọ́ sára tábìlì. Ojú ìwé tó wà níbẹ̀, ọjọ́ kejì tí mo bi í, kò rántí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣe tán, ìgbà téèyàn bá sùn lọpọlọ ń to ohun tó kà sápò.

Mo ní kó bá mi kọ gbogbo ohun tó ń ṣe látìgbà tó bá ti dé sílẹ̀, pẹ̀lú aago. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ ló ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe, torí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń dún tín-ín, tín-ín. Ó tún ń ṣe ẹgbẹ́ mẹ́ta nílé ìwé. A yọ ọ̀kan kúrò, ó sì dùn mí ju òun lọ, torí èmi ni mo fẹ́ kó wà nínú fọ́ọ̀mù yunifásítì.

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ nìkan, ìyà lojú ẹ̀ máa rí i sí. Lọ́dọ̀ wa, fóònù gbogbo ilé ló ń sùn sí pálọ̀, tèmi náà wà níbẹ̀ (ẹ ò mọ bó ṣe nira tó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́). Mo ra aago alááàmù gidi fún un, kó má ní àwíjàre.

Lẹ́yìn náà, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ fi alẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò lè fipá mú èèyàn sùn, ẹ lè jí i. Tó bá jẹ́ aago mẹ́fà ló ń jí láàárín ọ̀sẹ̀, kí wíkẹ́ńdì má kọjá mẹ́jọ, kẹ́ ẹ ṣí kọ́tíìnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, torí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń fa aago ara padà sẹ́yìn. Alẹ́ náà á máa tètè sún mọ́lé, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó délé, kó fi ogún ìṣẹ́jú rẹjú, kì í ṣe wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Ẹ tún wo agolo energy drink tó ń mu lẹ́yìn ilé ìwé, nítorí lẹ́yìn wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, nǹkan bí ìdajì káfíìnì ẹ̀ ṣì wà lára.

Melatonin inú ike, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó rà á, àsìkò téèyàn lò ó ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n ẹ̀, kódà láwọn ìlú bí Ìlú Ọba, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gbà á. Bó bá sì ń hanrun gan-an, tàbí ó sùn wákàtí mẹ́sàn-án tó ṣì ń tòògbé, tàbí inú ẹ̀ ò dùn mọ́, ẹ má dúró wo èmi, ẹ mú un lọ.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Á bínú o. Tèmi ò kí mi láàárọ̀ fọ́sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́sẹ̀ kẹta, alááàmù dún, mo ti fẹ́ dìde, ni mo gbọ́ tí wọ́n pa á láti inú yàrá ẹ̀.