Orin bàbá mi ni mo gbé wọ yàrá ìrọbí

Àbúrò mi tó ń gbé Lugbe, tó ní oyún òun ti wọ oṣù kẹjọ, tó ń béèrè bóyá orin ń ranni lọ́wọ́ níbi ìkúnlẹ̀ tàbí àṣà àwọn olówó lásán ni: ó ń ranni lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí ní Abuja yìí. Àkọ́kọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, torí gbogbo ohun tí kò yẹ kí n ṣe ni mo ṣe tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n dánlóòdù orin tí wọ́n ṣe fún aláboyún, dùùrù pẹ̀lú ìró omi tó ń ṣàn. Ìrọbí mú mi, mo tẹ̀ ẹ́, àfi bí ìgbà téèyàn pe báńkì tí wọ́n ní kó máa dúró, ẹni tó máa dá a lóhùn ń bọ̀. Omi tó ń ṣàn yẹn, ńṣe ló ń mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n mí ṣáá. Kò tó wákàtí méjì tí fóònù kú. Kò síná ní Kubwa láti alẹ́ àná, mi ò sì mú páwà báńkì dání. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ mi wọlé tọ̀ mí, abẹ́ igi dóńgóyárò níta ló wà tó ń fi ìka rìn lórí tẹ̀sùbáà.

Ìgbà tó yá ni mo rí i pé mo ń kùn. Orin Haruna Ishola, olórin àpàlà, ni mo ń kùn! Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta spare parts. Láràárọ̀ Sunday, bó ṣe ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ báyìí, àpàlà ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń kọ. Mi ò fìgbà kan sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Haruna, Bàbá Gani Àgbà tí wọ́n ń pè é, ti kú ní 1983, wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, orin àwọn àgbà ni lójú mi. Àmọ́ agídìgbo inú orin yẹn, àpótí onírin tí wọ́n ń fi ìka ta, kì í kánjú. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè máa sáré lókè, ìlù lè máa sọ̀rọ̀, agídìgbo á ṣáà máa rọra lù nísàlẹ̀ bí ẹni ń gúnyán fún ara rẹ̀ nìkan. Mo fi í mí: ìlù mẹ́rin, mo mí sínú, ìlù mẹ́fà, mo mí síta. Ìrora ò lọ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan dì mú.

Nítorí náà, nígbà tí mo lóyún ẹ̀kejì, mo ti múra sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ fún àyẹ̀wò ni mo ti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá mo lè mú fóònù wọlé. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Mo wá sọ fún un pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka orin mọ́ ohun tí aláboyún tára rẹ̀ le lè fi dín ìrora kù bó bá fẹ́, nínú ìlànà ìrọbí tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí n kò bá ti ní í da àwọn yòókù láàmú, kò burú. Ìwọ náà béèrè ṣáájú, torí ibòmíràn kì í gbà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì lèèyàn ti ń bá wọn jà.

Etí kan ṣoṣo ni kí o fi íápíìsì sí, kí o lè máa gbọ́ nọ́ọ̀sì. Mú orin tó gùn. Orin tó bá parí láàárín ìrora, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ ẹni. Kí ó wà nínú fóònù gan-an, má gbójú lé dátà. Kí o sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá ọkọ mi pè wọ àárín orin tó ń bi mí pé ṣé mo ti bí. Ẹni tó ní orin ìyìn nìkan ló yẹ, mi ò bá a jà. Bó bá jẹ́ orin ìyìn ló wà lára rẹ láti kékeré, òun ni kí o gbé. Ohun tí ara rẹ mọ̀ kí orí rẹ tó mọ̀ ọ́n ni mò ń sọ.

Àmọ́ ibì kan wà tí orin kò lè bá ọ dé. Níbi ìkúnlẹ̀ ẹ̀kejì yẹn, nígbà tí ọ̀nà ọmọ ṣí dé sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, mo fa íápíìsì yọ, mo jù ú sílẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ Haruna, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì Hausa kan tó ti dàgbà dì mí lọ́wọ́ mú, ó kàn ń sọ pé “Sannu, sannu,” jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ọmọ fi yọ orí. Nítorí náà bí orin bá sú ọ, pa á, kò sí ìdánwò níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí omi tó dà bá ní àwọ̀ ewé, pariwo pe nọ́ọ̀sì, kó o sọ orin nù. Ti ẹ̀kẹta ò gba orin rárá, díẹ̀ ló kù kí n bí i sínú ọkọ̀ ní títì Kubwa.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí. Orin tó o bá gbé wọlé, kì í jáde bó ṣe wọlé. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi kan ní Ìlọrin, àwọn onílù mú àpàlà yẹn, gbogbo ènìyàn dìde. Èmi náà dìde, mo mú owó lọ́wọ́. Bí agídìgbo ṣe wọlé báyìí, ìdí mi dì, ikùn mi le gbagidi, mo tún ìjókòó mi wá. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo tún ti lóyún. Nítorí náà, orin tí ìwọ àti ọkọ rẹ fi jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, fi í sílẹ̀ sílé.