Alhaji fẹ́ fi kún owó ilé, bẹ́ẹ̀ fúláàtì méjì ṣófo nínú ọgbà wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìlọrin. Fúláàtì oníyàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní Tanke, ₦450,000 là ń san lọ́dún. A ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, a ò sì jẹ gbèsè rí. Ó ku oṣù mẹ́ta kí owó tí a san parí. Éjẹ́ǹtì tó ń bá Alhaji bójú tó ilé ti wá sọ pé ₦600,000 ni a ó máa san báyìí. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ọgbà yìí, méjì sì ti ṣófo láti ọdún tó kọjá. Àwọn aládùúgbò ní àlejò ni mí, kí n san án kí n dákẹ́. Ṣé àlejò ò lè ná owó ilé ni? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí yóò fi wálẹ̀ dípò kó gòkè?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú àjò o. Ẹ lè ná an, ó sì yẹ kí ẹ ná an. Orí fúláàtì méjì tó ṣófo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ọ̀pọ̀ ayálégbé tó bá fẹ́ kí owó ilé dín kù, ẹkún ni wọ́n máa ń gbé lọ bá onílé: oúnjẹ ti wọ́n, epo mọ́tò ti gbówó lórí, owó oṣù ò dé ibì kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni onílé ti ń ra oúnjẹ tirẹ̀, iye símẹ́ǹtì tí yóò fi tún ilé ṣe kò sì dúró síbi tó wà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023. Tí ẹ bá sunkún fún un, yóò sun tirẹ̀ fún yín, ẹ ó sì jọ dákẹ́. Ilé tó wà ní títì ni kò ní lè jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. ₦600,000 lọ́dún jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Bí ẹ bá kó jáde, tí fúláàtì yín ṣófo fún oṣù mẹ́ta péré kí ẹlòmíràn tó wọ ibẹ̀, ₦150,000 ti bọ́ lọ́wọ́ Alhaji. Gbogbo ohun tó fẹ́ fi kún owó yín gan-an nìyẹn. Kò tíì kun ilé fún ẹni tuntun, kò tíì tún páìpù àti kọ́kọ́rọ́ ṣe. Bó bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ₦300,000 ni yóò rí níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ìyẹn kò sì tó ohun tí ẹ ń san fún un lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìṣirò yìí kò le, àmọ́ ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣe é àfi tí ẹnì kan bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e síwájú wọn.

Ọjà ilé kò dẹ̀ bákan náà ní gbogbo Ìlọrin. Àwọn yàrá àdáni kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Tanke àti Òkè-Odò kì í pẹ́ nílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Yunifásítì Ìlọrin bá ń ṣiṣẹ́. Fúláàtì oníyàrá méjì àti mẹ́ta ni ó ń nira láti gbé jáde. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ìbójútó ilé yìí ni pé àwọn ìdílé tó ń gbé irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń wá yàrá kan àti pálọ̀. Àwọn mìíràn ti kó lọ sínú ilé ara wọn lápá Ganmo àti Ẹyẹnkọrin láì tíì rẹ́ ẹ, láì tíì fi sílìǹ sí i, kí wọ́n ṣáà lè bọ́ lọ́wọ́ owó ilé. Nítorí náà, tí éjẹ́ǹtì bá ń sọ fún yín pé ilé ò ṣófo ní Tanke, ẹ bi í pé irú ilé wo.

Àwọn onílé àgbègbè yín kò sì tíì gbàgbé 2022. Láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sọ́dọ̀ òbí wọn láìrí ìdí tí wọ́n á fi san owó ilé tuntun. Ìdílé tó ní iṣẹ́, tó ń gba owó oṣù, tí ìyanṣẹ́lódì kò lè lé lọ, irú wọn ni onílé tó ń ronú ń wá. Ẹ̀yin gan-an nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú kí ẹ rò pé wọ́n ń ṣe yín lóore ni.

Ti àlejò tí ẹ sọ yẹn, ó ní ìdí. Ohun méjì ló máa ń wà lọ́kàn onílé nípa ẹni tó wá láti ẹ̀yìn bodè. Èkíní ni pé ẹ ń ná sẹ́fà. Láti June 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, náírà ti já wálẹ̀ gan-an. Sẹ́fà ní tirẹ̀, yúrò ni wọ́n so ó mọ́, kò bá náírà ṣubú. Ẹni tó bá gbọ́ pé ará Benin ni yín yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ti dé. Bí ó bá jẹ́ pé náírà ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń san owó oṣù yín, ẹ tètè sọ ọ́, láìsí ìtìjú, kí ọ̀rọ̀ iye tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ìbẹ̀rù pé ẹ lè gba ọ̀nà bodè Chikanda padà sílé lóru ọjọ́ kan, kí ẹ fi gbèsè sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í lé ìbẹ̀rù yìí lọ, onídúró ló ń lé e. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín pé òṣìṣẹ́ wọn ni yín àti ọdún tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n kọ iye owó oṣù sí i. Ẹ wá àgbàlagbà kan tí Alhaji mọ̀ tàbí tó lè bọ̀wọ̀ fún, ìbáà jẹ́ lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, pásítọ̀ yín, tàbí Magájí àdúgbò. Ní Ìlọrin, ẹni tó bá ní èèyàn lẹ́yìn kì í ṣe àlejò mọ́. Ẹ rí i pẹ̀lú pé ìwé ìgbélùú yín pé: àdéhùn ECOWAS ti 1979 jẹ́ kí ẹ wọlé láìgba físà, kí ẹ sì lo 90 ọjọ́, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti gba káàdì ìgbélùú ní ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé mo ti rí i tí wọ́n ń fi Ìmígíréṣọ̀n dẹ́rù ba ayálégbé nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá le.

Kí ẹ tó lọ bá Alhaji, ẹ lọ wádìí. Ẹ wá fúláàtì mẹ́ta tó jọ tiyín, tí kò jìnnà sí yín, kí ẹ sì mọ ohun tí àwọn tó wọ ibẹ̀ lọ́dún yìí san gan-an. Iye tí éjẹ́ǹtì pè kọ́ ni mo wí o. Ìyàtọ̀ máa ń wà láàárín iye tí wọ́n pè àti iye tí wọ́n gbà. Ẹ béèrè bóyá omi ń yọ, bóyá fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, bóyá mọ́tò lè dé ibẹ̀ nígbà òjò. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, torí náà ẹ bẹ akẹgbẹ́ yín kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin kó bá yín béèrè. Ohùn Kétu dùn létí, àmọ́ ó lè mú kí wọ́n pe iye mìíràn fún yín.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tuntun tó bá gba ilé ló ń san kọmíṣánnì àti owó ìwé àdéhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé. Ẹni tó ti wà nínú ilé, tó kàn fẹ́ san ti ọdún mìíràn, kì í mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá kó jáde, Alhaji ló pàdánù, ṣùgbọ́n éjẹ́ǹtì lè jèrè nígbà tí ẹlòmíràn bá wọlé. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Iṣẹ́ kan náà lèmi náà ń ṣe, àwọn olóòótọ́ sì pọ̀ nínú wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí rán an. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí Alhaji fúnra rẹ̀ kà yín sí, kí ẹ sì lọ bá a nílé. Tó bá jẹ́ ilé tuntun lẹ ń wá ni, ọ̀rọ̀ á yí padà: tí owó ilé bá fi ₦50,000 dín, ₦5,000 péré ló dín nínú kọmíṣánnì éjẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ tí ilé ò bá lọ, kò rí nǹkan kan. Nígbà náà, òun gan-an ni yóò bá yín bẹ onílé.

Ẹ lọ nísinsìnyí tí oṣù mẹ́ta ṣì kù. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, onílé ti mọ̀ pé kò ní ibi tí yóò lọ. Ẹ má lọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí; ẹ pè é, kí ẹ béèrè ìgbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ mú onídúró yín dání, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ yín báyìí:

«Alhaji, ẹ kú ilé o. A gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa lórí owó ilé. Ilé yín tẹ́ wa lọ́rùn, a ò fẹ́ kúrò. Ọdún mẹ́ta nìyí, a ò pẹ́ sanwó rí. Ṣùgbọ́n a wo àyíká, a sì rí i pé ₦400,000 ni àwọn tó gba irú fúláàtì yìí lọ́dún yìí san. Owó yẹn wà lọ́wọ́ wa. A lè san án sí àkáǹtì yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí èyí tí a san tẹ́lẹ̀ tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é.»

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má tún fi àlàyé lé àlàyé. Iye tí mo kọ síbẹ̀, àpẹẹrẹ ni; ohun tí ẹ bá rí nínú ìwádìí yín ni kí ẹ sọ. Ẹ má sì parọ́ iye, nítorí Alhaji náà ní fóònù, ó sì mọ àwọn onílé ẹgbẹ́ rẹ̀. Fúláàtì méjì tó ṣófo yẹn ńkọ́? Ẹ má fi sọ ọ́ lójú bí ẹni ń bú u. Tó bá ní òun á rí ẹni san ₦600,000, ẹ lè wá fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, ṣé àwọn méjì yẹn ti rí ẹni tó ń bọ̀? Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó.

Ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ wá fi ₦550,000 sílẹ̀. Ẹ má sáré gun orí ₦500,000. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín ti fẹnu kò lórí iye tí ẹ kò ní kọjá. Ní èrò tèmi, bí ó bá dúró sí ₦450,000, ẹ ti ṣe dáadáa, nítorí ₦450,000 ọdún yìí kò ra ohun tó rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí kò bá sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pé kí owó dín, àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹ lè tọrọ, àwọn onílé sì máa ń tètè gbà á ju kí wọ́n gé owó lọ: kó fọwọ́ sí i pé iye kan náà ni ẹ ó san fún ọdún méjì, kó jẹ́ kí ẹ máa san án ní ìdajì lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, èyí tí yóò rọ ẹ̀yin tí owó ilé oṣooṣù ti mọ́ lára nílé lọ́hùn-ún lọ́rùn, tàbí kí ẹ tún òrùlé tó ń jò ṣe, kó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Bí ẹ bá ń pín mítà pẹ̀lú fúláàtì mìíràn, ẹ tọrọ mítà tiyín. Láti April 2024 tí owó iná ti fò sókè fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, mítà àjọlò ti dá ìjà tí kò yẹ sílẹ̀ láàárín àwọn ayálégbé.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé òfin wà pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 nìyẹn, kò dé Kwara. Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí onílé tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín síta, tàbí láti yọ páànù, tàbí láti gé iná. Onílé kò sì lè dá nìkan fi kún owó láàárín ọdún tí ẹ ti san tán. Mo sọ èyí kí ọkàn yín lè balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù òjijì mú yín gba ohun tí agbára yín kò ká. Ẹ má fi òfin ṣí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Alhaji o. Ẹni tó bá ti dárúkọ ilé-ẹjọ́ ní pálọ̀ onílé, bó jàre tán, kò ní gbádùn ilé náà mọ́.

Tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: iye, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti ohunkóhun tí ẹ bá tọrọ tí wọ́n gbà. Ẹ san án sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ Alhaji fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Rìsíìtì yẹn tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Láti 1 January 2026, òfin owó orí tuntun gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n ń gé owó orí lé lórí, àmọ́ ohun tí wọ́n yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Lórí ₦450,000, ₦90,000 nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rìsíìtì àti ìwé àdéhùn, kí ẹ fún akápò ilé-ẹ̀kọ́ yín, kó fi sí fáìlì yín kó tó ṣírò owó orí ọdún náà.