Orí Sípírè Ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò, Kì í Ṣe Bí Rọ́bà Rẹ̀ Ṣe Nípọn Tó

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìtọ́jú ọkọ̀ kékeré kan sí Akọ́bọ̀ ni. Láàárín oṣù mẹ́rin, rọ́bà sípírè tí mo fi ń fín ọṣẹ àti oògùn sára ọkọ̀, mẹ́sàn-án ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Òmíràn kì í fín mọ́, òmíràn á máa jò sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á fún mi ní kí n fi owó kún un kí n ra èyí tó nípọn, pé ìyẹn ni ojúlówó. Èwo ni kí n rà? Àbí kí n kúkú máa ra orí nìkan, kí n máa dè é mọ́ rọ́bà ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ìyẹn pọ̀ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà o, ẹ sì kú oríire ibi iṣẹ́ tuntun. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, gbogbo àwọn tó sì ń béèrè rẹ̀ ló gbà pé rọ́bà ló bàjẹ́. Ohun kan ni èmi náà fẹ́ bi yín kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: nínú mẹ́sàn-án tí ẹ kà yẹn, mélòó ni ara rẹ̀ lu, mélòó ni ìdí rẹ̀ là? Bí ẹ bá lọ wo ibi tí ẹ kó wọn jọ sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan. Orí wọn ló kú. Ara wọn ṣì le koko.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí ẹ fi owó kún owó kí ẹ lè ra èyí tó nípọn kò dáhùn ìbéèrè yín rárá, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Mo mọ bí àwọn kan ṣe ń ṣe é: ọlọ́jà á gbé rọ́bà náà sílẹ̀, á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní fọ́, á wá máa wo ojú yín bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà sípírè níbi iṣẹ́? Ìka ọwọ́ ni a fi ń fa orí rẹ̀, a sì lè fà á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Orí yẹn ni ẹ̀rọ, ara rẹ̀ kò ju àpò tí a ń gbé omi sí lọ.

Kí n tó jókòó kọ èyí, mo tú ọ̀kan lára àwọn tèmi tó kú sórí tábìlì. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí rọ́bà. Lókè páìpù náà ni bọ́ọ̀lù dígí kan wà tí kò tó hóró àgbàdo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí omi gòkè, kí ó má sì jẹ́ kí ó padà sílẹ̀. Písítìnì kékeré kan wà tó rí bí èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ṣà, ìyẹn òrùka rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí omi jò, wà lára rẹ̀, sípíríǹgì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ sípírè, písítìnì á ti omi jáde lẹ́nu. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì á tì í padà, á sì fa omi mìíràn gòkè. Nínú èyí tí mo tú yìí, wọ́ṣà ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀wà tó sun inú omi mọ́jú, nígbà tí mo sì fi èékánná fà á, ó já. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló bu oògùn dídán táyà tó ń rùn bíi kẹrosíìnì sínú rọ́bà tí orí rẹ̀ jẹ́ ti omi ọṣẹ lásán. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ. Ti sípírè tún wá burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọṣẹ gan-an ló ń pa á nígbà mìíràn.

Ohun kan tún wà tó ń mú kí àwọn ènìyàn gba ọ̀rọ̀ ìnípọn yìí gbọ́, ó sì yẹ kí n tú u palẹ̀ dáadáa. Bí omi bá ṣe ń jáde nínú rọ́bà ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti rọ́pò rẹ̀, ihò bíńtín kan sì wà lára orí fún iṣẹ́ yìí. Bí òróró ìdán ọkọ̀ tó ti gbẹ bá dí ihò náà, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, ara rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa ọsàn mu, orí náà kò sì ní fa nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá rí i á ní, “Ẹ ò rí i? Kò nípọn tó, ó ti rún.” Irọ́ ni. Bí ẹ bá gbé orí kan náà sórí rọ́bà tó nípọn ní ìlọ́po mẹ́ta, ara rẹ̀ lè máà rún lójú yín, ṣùgbọ́n kò ní fín síbẹ̀síbẹ̀. Rọ́bà tó rún yẹn tilẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ ni, ó sọ ibi tí àrùn wà fún yín. Ẹ tú orí náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fọ ihò náà, ẹ tún un dán wò kí ẹ tó dà á nù.

Wọ́ṣà ni ẹ óò máa béèrè, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Viton, tí ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1957, máa ń fara da epo àti ohun tí a fi epo pò, ṣùgbọ́n asẹtóònù, irú èyí tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, máa ń bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní EPDM máa ń fara da ọ̀pọ̀ ásíìdì àti ọṣẹ líle, ṣùgbọ́n epo ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí èyí tó mọ gbogbo iṣẹ́ ṣe nínú wọn, ìdí sì nìyẹn tí èmi kì í fi í gbọ́ ti ẹni tó bá ní orí kan wà tó ń gba gbogbo kẹ́míkà. Orí tí wọn kò bá kọ ohunkóhun sí ara páálí rẹ̀, ẹ kà á sí ti omi ọṣẹ. Sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tàbí kí ó wà níbi tí kẹ́míkà kò ti ní kàn án. Ásíìdì tí a fi ń fọ ríìmù kì í pẹ́ sọ irin lásán di pupa.

Ní ti ara rọ́bà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ẹ yí i dojú dé, ẹ óò rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Láti 1988 ni wọ́n ti ń tẹ irú àmì yìí sára rọ́bà. Nọ́ńbà 2, tí ara rẹ̀ máa ń funfun bí omi ògì, ni kí ẹ rà: ó ń fara da ọ̀pọ̀ ásíìdì, ọṣẹ líle àti sípírítì. Nọ́ńbà 1, èyí tó mọ́ gaara bíi dígí, dára fún òróró ìdán tí a fi omi pò, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó lágbára bíi kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ti wù kí ó nípọn tó. Oògùn tó bá jẹ́ epo ni wọ́n fi pò ó, inú ohun tí wọ́n kó o sí wá láti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa lò ó, nítorí pé nọ́ńbà 2 náà kì í fẹ́ kí epo pẹ́ nínú òun. Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 28/400, 28 ni ìbú ọrùn náà ní mìlímítà, 400 sì ni irú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí orí fi ń yí mọ́ ọrùn, tó wà lára rẹ̀. 28/410 ní ìbú kan náà, ṣùgbọ́n tẹ́rẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀, orí ọ̀kan lè wọ ara ìkejì kí ó sì máa jò. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó ń da omi sí yín lọ́wọ́.

Jíjò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tó ń ṣòfò lásán. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé Benz dúdú kan wá bá wa, èyí tí irin fàdákà yí fèrèsé rẹ̀ ká. Orí sípírè tó wà lọ́wọ́ mi ń jò díẹ̀, mo sì mọ̀. Ọṣẹ tó ń pa gíríìsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kán méjì kán sórí irin náà, mo ní màá nù ún bí mo bá fọ táyà tán, oòrùn ọ̀sán sì gbẹ ẹ́ kí n tó padà dé. Ibi tó kán sí di funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun tọ́ ọ. A fi omi fọ̀ ọ́, a fi òróró ìdán ra á, kò lọ, irin tuntun ni ọ̀gá mi rà fún onímọ́tò. Ẹni tó bá ń fọ takisí Míkírà tó ń ná Mọ́kọ́lá sí Òjòó lè máà kíyè sí irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti sọ pé ìtọ́jú ọkọ̀ ni ẹ ń ṣe.

Rọ́bà ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Rárá o. Nọ́ńbà 1 ni ọ̀pọ̀ wọn, ọrùn wọn kì í ṣe irú èyí tí a ṣe orí sípírè fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi sọ pé rárá. Gbogbo ọmọdé ní Ìbàdàn ló mọ rọ́bà yẹn sí ohun mímu. Ọmọ oníbàárà tó ń dúró de bàbá rẹ̀ nínú oòrùn lè gbé e, kí ó tú orí rẹ̀, kí ó sì gbé e sẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó yíjú. Àwọn tó ń po ọṣẹ mọ ohun tí kọ́sítíìkì máa ń ṣe sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fún ọmọ náà ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì, nítorí pé ohun tó jó o bí ó ti ń lọ ni yóò tún jó o bí ó ti ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú agolo kẹ́míkà náà dání kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan mìíràn tó fara pẹ́ èyí: ẹ má ṣe da ásíìdì sínú rọ́bà tí bílíìṣì ṣẹ́kù sí, èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì tí omi kì í fọ̀ dànù.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ bu omi sínú rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ máa kà á. Bí ẹ bá fà á ní ìgbà mẹ́wàá tí omi kò tíì jáde, kò dára. Ẹ fín in sára páálí gbígbẹ, kí ẹ wò ó bóyá omi náà tàn káàkiri dọ́gba, tàbí ó kóra jọ sójú kan tó sì ń ṣàn sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójijì: ó yẹ kí ó fò padà, kì í ṣe kí ó máa rọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí ìwé fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wo ọrùn rẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá páìpù inú rẹ̀ kan ilẹ̀; àwọn kan máa ń ku ìka méjì, oògùn tí ẹ fi owó rà á sì jókòó sísàlẹ̀ láìwúlò. Èmi kò ní sọ iye owó, torí pé iye tí mo bá kọ láàárọ̀ yìí lè ti yí padà kí ẹ tó dé ọjà.

Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n fa ìlà òṣùwọ̀n sí lára. Bí agolo bá sọ pé ọ̀kan sí mẹ́wàá, ìpín mọ́kànlá ni lápapọ̀, nítorí náà kẹ́míkà bíi mìlílítà 91 ni yóò wọ rọ́bà lítà kan, omi yóò sì gba ìyókù. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sí i, kí ẹ tó da kẹ́míkà lé e. Níbi tí ìlànà ara agolo bá ti yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ yìí, ti agolo ni kí ẹ tẹ̀lé.

Àwọn orí kan wà tó ń fín nígbà tí a bá fà á àti nígbà tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, irú èyí tí Kwazar ti orílẹ̀-èdè Poland ń ṣe. Wọ́n dára, wọ́n sì wọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wọn. Rọ́bà mẹ́fà àti orí mẹ́wàá ni èmi ì bá rà bí mo bá wà ní ipò yín. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tú orí kúrò lára rọ́bà, ẹ ki páìpù rẹ̀ bọ inú omi mímọ́, kí ẹ sì fà á títí omi tó ń jáde kò fi ní hó mọ́. Omi kànga tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ kò dára fún èyí, ẹ sẹ́ ẹ. Oògùn tó ń pa ìpẹtà ríìmù, èyí tó máa ń di àwọ̀ elése àlùkò tó sì ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, kò gbọ́dọ̀ sùn nínú orí sípírè rárá.

Ẹ má tíì da mẹ́sàn-án yẹn nù. Ẹ yí ìdí wọn wò. Èyí tó bá jẹ́ nọ́ńbà 2, tí ẹ sì rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ra orí fún un. Èyí tí ẹ kò bá rántí tirẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì kí ẹ tó gbé e jù sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á kó fi pọn omi.