Àbúrò, má fi owó áàpù ra àgbò Iléyá

Àbúrò, o ní Iléyá ti dé tán, àna rẹ tuntun ń retí àgbò, ẹgbẹ́ rẹ ní Ìjẹ̀bú Òde ti dá aṣọ Ojúde Ọba, o sì ń béèrè bóyá kí o yá owó lórí fóònù, àti bí wàá ṣe sọ ọ́ fún bàbá ìyàwó rẹ bí owó kò bá sí. Má yá a. Wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Áàpù tí mo lò ní kí n jẹ́ kí òun wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yọ èlé wọn kí owó tó dé báńkì, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì fún mi. Àgbò wọlé, a pa á, itan rẹ̀ lọ sílé àna. Lọ́jọ́ tí owó pé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan bú bàbá mi tó ti kú. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, sí ìmáàmù àdúgbò, sí ẹni tó ń tún fìríìjì mi ṣe: “Olè ni ọkùnrin yìí.” Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó mi, itan àgbò yẹn sì ṣì wà nínú fìríìsà wọn! Bàbá kò sọ nǹkan kan. Màmá ló pe ìyàwó mi, ó ní ṣé ebi ń pa wá ni. Mo san owó tán, wọ́n ní ó ku owó ìtanràn. Mo san ìyẹn, òmíràn tún yọjú. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó jókòó níbẹ̀ ní ṣé òun ló rán mi níṣẹ́, ó wá ní kí n mú owó epo ọkọ̀ wá. Epo láti lọ mú ta ni?

Lóòótọ́, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù láti 2022, Google náà sì ti ka wíwo orúkọ inú fóònù léèwọ̀ fún áàpù owó yíyá ní 2023. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi líǹkì wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò gba ọ̀dọ̀ Google kọjá.

Àwọn onímọ̀ orí rédíò tó ní ká máa tọ́jú owó àgbò láti oṣù kìíní, kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá mi san owó ilé ná. Àwọn ààfáà kan tún wà tí ìwọ̀n àgbò nìkan ni wọ́n ń wàásù. Wọn kì í ka ọ̀rọ̀ Abu Ayyub, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà: pé láyé Ànábì, àgbò kan ni ọkùnrin ń pa fún ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, wọn á jẹ, wọn á fún ènìyàn jẹ, títí aráyé fi sọ ọ́ di fáàrí.

Bí o bá ṣì fẹ́ pa, fi Balami, irú àgbò gàgàrà yẹn, sílẹ̀ fún àwọn olówó, ra Yankasa, irú tó kéré sí i, tó ti pé ọdún kan. Wo eyín, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀, o mọ ìyẹn. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta Iléyá ṣì jẹ́ ọjọ́ ìparan, àwọn tó kó àgbò wá sí ọjà ẹran Kara láti òkè ọya kì í sì fẹ́ kó o padà, nítorí náà owó a máa wálẹ̀.

Aṣọ ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí o bá sanwó aṣọ, fìlà kù. Fìlà tán, bàtà kù. Télọ̀ á tún ní ọdún ti kún òun lọ́wọ́, kí o fi owó kún owó. Wọ ti èṣí. Regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, kankan kò ní lé ọ lójúde Awùjalẹ̀.

Bí o bá sì ti yá a kí o tó ka èyí, tètè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ àti àwọn àna rẹ kí tiwọn tó débẹ̀, tọ́jú gbogbo rìsíìtì, má sì san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì tó bá ń jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán.