Má tíì ta máṣíìnì rẹ

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún 36, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, yàrá méjì là ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́, tá a jọ ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà, ti wà nílùú Ọba láti ọdún 2022, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Tí mo bá ti rí àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp, ọkàn mi kì í sí níbi iṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan ní òun máa bá mi ṣe ìwé irú iṣẹ́ yẹn, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà. Mo fẹ́ ta máṣíìnì mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti háàfù pílọ́ọ̀tì tí mo rà. Ọkọ mi ní mi ò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn, pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣé ìtẹ́lọ́rùn ni kí n jókòó sójú kan títí ayé?"

Ọmọ mi, lẹ́tà rẹ gùn ju báyìí lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò gbọdọ̀ dúró: má fún ẹnikẹ́ni lówó. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn tí ọ̀rẹ́ rẹ gbà wọlé. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tì í mọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkèèrè wá ṣe iṣẹ́ náà. Gbájú-ẹ̀ lẹni tó ń bèèrè mílíọ̀nù mẹ́jọ lórí ìwé yẹn báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Òwe tó pa dára, àmọ́ eku tó bímọ mẹ́ta máa ń fẹ ìtẹ́ rẹ̀ ni. Kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹ́ yàrá kẹta, kò sí ojú kòkòrò níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fi ìtẹ́lọ́rùn pa obìnrin tó ń gbèrò lẹ́nu mọ́. Sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká padà síbi tí abẹ́rẹ́ ti kán. O ní ò ń ran búbù léèsì kan láàárọ̀, fóònù dún, o yẹ̀ ẹ́ wò, o rí ọ̀rẹ́ rẹ nínú kóòtù pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. O kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ lọ bá irin síìpù, ó kán, o wá dojú fóònù dé. Kí fóònù náà tó dún, ò ń kọrin. Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì náà ni, ọmọ mẹ́ta náà ni, léèsì náà ni. Kí ló wá dín kù láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn?

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba, n'Íbàdàn. Lálẹ́, á da owó sórí ẹní, á pín in sọ́nà mẹ́ta: tọjà, toúnjẹ, talájọ. Lójoojúmọ́ ni alájọ ń wá sàmì sí káàdì rẹ̀. Tóṣù bá pé, á yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà ara rẹ̀, á kó ìyókù fún ìyá mi. Tí ìyá mi bá ka owó tán, á ní, "Ó tó o." Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kódà lọ́jọ́ tọ́jà ò tà, ó sì máa ń bí mi nínú, torí mo mọ̀ pé kò tó. Obìnrin yìí kan náà ló fi owó àjọ kúrò nídìí abọ́ dé inú ṣọ́ọ̀bù, tó fi rán wa lọ síléèwé. Ó mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ iye ohun tó ní kì í tà á lọ́pọ̀. Ìtẹ́lọ́rùn tí mo mọ̀ nìyẹn. Ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Ìwọ náà, ka tìrẹ. Máṣíìnì mẹ́rin, èyí tí wífìn wà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì tí òbí wọn fà lé ọ lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé aṣọ ẹbí odindi ìdílé wá fún ọ. Ilẹ̀ tí o fi owó ara rẹ rà. Gbogbo èyí lo fẹ́ kó fún ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀.

Ohun kan tún wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, tí o sáré kọjá lórí rẹ̀. O ní nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá mú ọ ṣàìsùn, ọ̀rẹ́ rẹ máa ń pè ọ́ láago méjì òru láti ibi iṣẹ́, á ní kó o gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì kóun gbọ́ ìró rẹ̀. Mo kà á débẹ̀, mo gbé lẹ́tà náà kalẹ̀ ná. Mi ò sọ pé ìyà ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni kóòtù pupa náà, òótọ́ sì ni ìpè òru náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo lo ń fi wọn ara rẹ.

Bi ara rẹ wò: ká ní ẹnikẹ́ni ò ní rí àwòrán rẹ níbẹ̀ láéláé, ṣé wàá ṣì fẹ́ lọ? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fara balẹ̀ wádìí ọ̀nà tó tọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ. Fún oṣù kan, má ṣí àwòrán ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Pe ọ̀rẹ́ rẹ dípò rẹ̀, bèèrè bó ṣe jí.

Ní Sátidé, táwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, kí ìwọ àti ọkọ rẹ lọ sórí ilẹ̀ yẹn. Mú tépù tí o fi ń wọn aṣọ dání. Ẹ wọn ibi tí yàrá kẹta máa wà, kẹ́ ẹ bèèrè iye bùlọ́ọ̀kù tó máa gbà lọ́wọ́ bíríkìlà, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.